Oúnjẹ Ọdún Nínú Ilé Àwọn Ará Íńdíà: Èwo Ni Àbáláyé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, nítorí pé àrọ́bá ni baba ìtàn. Ọ̀nà púpọ̀ ni àrọ́bá ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ aráyé. Òmíràn wà nínú oríkì, òmíràn wà nínú orin, òmíràn sì wà lára ògiri ààfin. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn òpìtàn kì í sábà kọbi ara sí ni èyí tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ àwọn tí orílẹ̀-èdè kan ti bá dá òwò pọ̀, àwọn tí ó ti jọba lé e lórí, àti ohun tí ó dì mú tí kò jẹ́ kí ó bọ́, kí ó wo ohun tí wọ́n ń sè ní ọjọ́ ọdún. Ilé àwọn ará Íńdíà ni àpẹẹrẹ tí ètò yìí gbé yẹ̀ wò.

Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ní apá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, níbi tí ìlú Mumbai àti Pune wà, ọdún Dìwálì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọdún tí ó máa ń kó ẹbí jọ. Oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá ni ó máa ń bọ́ sí, ní àkókò tí òṣùpá kò yọ rárá, tí wọ́n sì ń tan fìtílà alámọ̀ yí gbogbo ilé ká. Fún ọjọ́ mélòó kan kí ọdún tó kò, àwọn obìnrin ilé kì í sinmi nídìí iná. Wọ́n ń dín chakli, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ti ẹ̀wà pò, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré kí ó lè ká bí ejò tí ó sùn. Wọ́n ń ṣe karanji, tí ó rí bí ìlàjì òṣùpá, tí àgbọn rírin àti ṣúgà kún inú rẹ̀. Wọ́n ń gé shankarpali wẹ́wẹ́ sínú òróró gbígbóná, èyí tí ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò pè ní chin-chin. Wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n ti yan nínú bọ́tà yíyọ́ yí laddu róbótó. Faral ni àpapọ̀ orúkọ gbogbo rẹ̀.

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí oòrùn tó yọ, tọmọdé tàgbà a fi òróró para, wọn a wẹ̀, wọn a wọ aṣọ tuntun, wọn a sì jókòó jẹ faral pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé, àwo tí ó bá sì lọ sí ilé aládùúgbò kì í sábà padà lófìfo. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà, àwọn arábìnrin a se oúnjẹ fún àwọn arákùnrin wọn, wọn a gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún wọn, àwọn arákùnrin náà a sì fún wọn ní ẹ̀bùn. Obìnrin tí ó ti wà nílé ọkọ láti ọdún pípẹ́ a tún di ọmọ ilé baba rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Òfin kan wà tí ó fi bí wọ́n ti ka oúnjẹ ọdún sí hàn. Oúnjẹ tí wọn yóò gbé síwájú òrìṣà, ẹni tí ó ń sè é kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òrìṣà ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni ènìyàn yóò pín in. Nítorí náà, ojú ni ìyá ilé fi ń mọ̀ bí iyọ̀ bá tó, imú ni ó fi ń mọ̀ bí èròjà bá jinná. Ìmọ̀ báyìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ìyá tàbí ìyá ọkọ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí wọ́n bá bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ léèrè ibi tí oúnjẹ náà ti wá, ìdáhùn rẹ̀ kò ní ṣòro: bí ìyá òun ti ń ṣe é nìyí, bí ìyá ìyá òun sì ti ń ṣe é nìyẹn. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ata. Yorùbá gbà pé ẹ̀mí tí kò bá jẹ ata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni, ọ̀pọ̀ ará Íńdíà kò sì ní bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1130, nígbà tí Ọba Someshvara Kẹta tí ó jọba ní Kalyani kó ìmọ̀ ayé ìgbà rẹ̀ jọ sínú ìwé Mānasollāsa, tí ó sì ṣe àlàyé oúnjẹ ààfin níbẹ̀, kò sí ata pupa nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1590, nígbà tí Abu'l Fazl kọ ìwé Ain-i-Akbari nípa ìjọba Ọba Akbar, tí ó sì to èròjà oúnjẹ ààfin lẹ́sẹẹsẹ, kò sí ata pupa níbẹ̀ pẹ̀lú. Ata dúdú oníhóró, tí í ṣe ìbátan iyèré ilẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ta. Òun àti ata ilẹ̀ ni àbáláyé Íńdíà.

Báwo wá ni ata pupa ṣe dé? Ní ọdún 1498, Vasco da Gama, ọmọ ilẹ̀ Pòtògí, gúnlẹ̀ sí Calicut. Ọ̀kan nínú ohun tí ó bá wá gan-an ni ata dúdú, nítorí pé ọjà olówó iyebíye ni ní Yúróòpù. Ní ọdún 1500, àwọn Pòtògí kan náà dé Bràsíìlì. Ní ọdún 1510, wọ́n gba Goa, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọdún 1961. Ọkọ̀ wọn ni ó kó irúgbìn Amẹ́ríkà dé: ata pupa, kajú, ẹ̀gẹ́, àti àwọn mìíràn. Pòtétò àti tòmátì náà ti Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tó tàn kálẹ̀. Báyìí ni àwọn tí ó wá ra ata kan ṣe mú ata mìíràn wá, tí àlejò sì gba ipò onílé nínú ìkòkò. Kaju katli pàápàá, àkàrà dídùn pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí ó ti di ẹ̀bùn pàtàkì nígbà Dìwálì, ìyẹ̀fun kajú ni wọ́n fi ń ṣe é. Orúkọ rẹ̀ láti Bràsíìlì ni ó ń jẹ́ títí di òní, bí Yorùbá náà ti ń pè é ní kajú.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jùlọ ni ti oúnjẹ ààwẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá òṣùpá, tí wọ́n ń pè ní Ekadashi, àti ní àwọn ọjọ́ ààwẹ̀ mìíràn, ọ̀pọ̀ ilé ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ ìrẹsì, àlìkámà tàbí ẹ̀wà, kí ara àti ọkàn lè mọ́. Ohun tí wọ́n ń jẹ ní Maharashtra dípò rẹ̀ ni sabudana khichdi. Wóró funfun tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni sabudana, wọn a sì fi ẹ̀pà gígún, pòtétò àti ata tútù sí i. Yàtọ̀ sí bọ́tà yíyọ́ àti hóró olóòórùn dídùn kan, Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹ̀gẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Visakham Thirunal, tí ó jọba ní Travancore láti 1880 sí 1885, gba àwọn ènìyàn rẹ̀ níyànjú láti máa gbìn ín nítorí ìyàn. Wóró sabudana fúnra rẹ̀, igi ọ̀pẹ kan tí ó ń hù ní Málàyà ni wọ́n ti ń mú un wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dí ọ̀nà òkun ní àwọn ọdún 1940, àwọn ará Salem ní gúúsù Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gẹ́ ṣe é. Oúnjẹ tí àwọn ènìyàn kà sí mímọ́ jùlọ wá di èyí tí èròjà rẹ̀ ti òkèèrè wá jùlọ. Òfin ààwẹ̀ ti dárúkọ ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé. Nítorí pé orúkọ àlejò kò sí nínú rẹ̀, àlejò rí ọ̀nà wọlé.

Kì í ṣe pé gbogbo ilé ti gbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ ilé àwọn Brahmin ní gúúsù Íńdíà, ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn òbí tí ó ti kú, ata pupa kì í wọ inú ìkòkò. Ata dúdú ni wọ́n ń lò. Pòtétò àti tòmátì náà a dúró síta. Bákan náà ni ó rí nínú ilé ìdáná tẹ́ḿpìlì Jagannath ní ìlú Puri. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi oúnjẹ tí àwọn òkú ọ̀run mọ̀ nígbà ayé wọn bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá ronú sí ataare nínú ètùtù àti nínú ìsọmọlórúkọ ilẹ̀ Yorùbá yóò rí nǹkan tí ó jọ ọ́ níbẹ̀. Ata pupa ti gba ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ataare ni ó ṣì di ipò rẹ̀ mú nínú àdúrà.

Íńdíà kì í sì í ṣe agbàwọlé nìkan. Ó fún ayé ní nǹkan pẹ̀lú. Àwọn ará ibẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ti ń sè omi ìrèké títí yóò fi di hóró. Śarkarā ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Sanskrit. Ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà àti Lárúbáwá kọjá dé Yúróòpù, ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá sì ti gbà á tí ó fi di ṣúgà. Ìyá tí ó bu ṣúgà sí ẹ̀kọ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn ń pe ọ̀rọ̀ Íńdíà láìmọ̀.

Àwọn obìnrin ni ó ru ẹrù ìtàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ wọn ṣọ̀wọ́n nínú ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ lọ sí ìlú tí ó jìnnà sí ìyá wọn, àìní ìwé dé. Ní ọdún 1951, S. Meenakshi Ammal tẹ Samaithu Paar jáde ní èdè Tamil, ní ìlú Madras tí ó ń jẹ́ Chennai nísinsìnyí. Ní ọdún 1970, Kamalabai Ogale tẹ Ruchira jáde ní èdè Marathi, tí í ṣe èdè Maharashtra. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun ni ó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ìyá nílé àjò.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ kò ní fi ìyìn nìkan parí ọ̀rọ̀. Ìmọ́tótó ilé ìdáná tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí ti jẹ́ ògiri fún àwọn ẹlòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilé, obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n kà sí ẹni ẹ̀yìn nínú ètò ìran kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò, wọ́n sì ń bu omi fún wọn nínú ife ọ̀tọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950 pa irú ìyàsọ́tọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kì í tètè gbọ́ òfin. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà níbẹ̀: wọ́n gba ata àjèjì wọlé, wọ́n sì ti ọmọ ilẹ̀ wọn síta.

Àwo tí ó ń rìn láàárín àwọn aládùúgbò ní ẹ̀rí tirẹ̀ láti jẹ́. Karanji tí ẹlẹ́sìn Híńdù ń dín nígbà Dìwálì, ìbátan rẹ̀ ni neureos tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Goa ń dín nígbà Kérésìmesì. Nígbà ìtúnu ààwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí a se sheer khurma, tí í ṣe wàrà, èso déètì àti oúnjẹ olókùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì bù ú fún ará ilé kejì. Ẹ̀sìn yàtọ̀, ọwọ́ ìdáná jọra.

Èwo wá ni àbáláyé? Bí ó bá jẹ́ èròjà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò kù nínú àwo. Ohun tí ó pẹ́ jùlọ ni ètò: pé ilé ni wọ́n ti sè é, pé ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ẹni tí ó sè é tó tọ́ ọ, pé ọmọ tí ó jìnnà padà wálé nítorí rẹ̀, àti pé aládùúgbò kò gbọdọ̀ ṣaláìrí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi oúnjẹ ìbílẹ̀ ṣe ọ̀pá láti fi lé ẹlòmíràn jáde, ìkòkò ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí takò ó.

Ẹ̀kọ́ yìí kò yọ ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti ata, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, kò sì sí ọdún ìbílẹ̀ tí wọn kò fi ń jẹ àlejò. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, kí ó kọ oúnjẹ ọdún ilé wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bèèrè ibi tí èròjà kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹni tí ó mú un wá, àti ẹni tí wọn kì í jẹ́ kí ó jẹ nínú rẹ̀. Kí ó sì ṣe é nígbà tí àwọn tí ó lè dáhùn ṣì wà láàyè.