Ipa Ààlà Lórí Owó Ilé àti Ìgbé-Ayé Ojoojúmọ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáárà

Èrò pọ̀ ju ilé lọ ni ìdí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń fà yọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀wọ́n ilé ní Èkó. Bébà yìí kò sẹ́ èyí. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé, ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ààlà tí ìjọba fà ti lọ́wọ́ nínú iye owó ilé kí ọ̀rọ̀ tó kan ọ̀pọ̀ èrò. Ìlú méjèèjì fara kan ara wọn. Boundary ni orúkọ ọjà tí ó wà ní ibi tí wọ́n ti pàdé.

Èbúté àti Ààlà

Ní 1926 ni ìjọba amúnisìn parí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ojú òkun ní Àpápá. Àjọ LEDB, tí a dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ń jà ní Èkó, ni ó wá dí àbàtà ibẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó la ojú ọ̀nà, tí ó sì pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti fún ibùgbé àwọn ọ̀gá.

Ní 1954, Èkó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Àpápá wà nínú rẹ̀. Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, 1967. Nítorí náà, agbára LEDB kò dé Ajégúnlẹ̀. Ọwọ́ àwọn ẹbí onílẹ̀ ni a ti ń ra ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó rà á ni ó ń fi iyanrìn àti pàǹtírí dí àbàtà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ojú àgbàrá ni ó ṣe é ṣe fún alágbàṣe èbúté láti gbé.

Ìgbé-Ayé Nínú Yàrá

Yàrá ni ayálégbé Ajégúnlẹ̀ ń gbà, kì í ṣe odidi ilé. Nínú ilé tí wọ́n ń pè ní face-me-I-face-you, yàrá kọjú sí yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ jẹ́ ti gbogbo ayálégbé. Yorùbá, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá ń pín owó iná, wọ́n sì ń tò fún omi. Omi rírà àti ẹ̀kún omi jẹ́ owó ilé kejì tí kò sí nínú rìsíìtì.

Ilé náà ni ọrọ̀ onílé. Sandra Barnes, nínú ìwé rẹ̀ lórí Mushin tí ó jáde ní 1986, fi hàn pé ilé níní jẹ́ àtẹ̀gùn sí ipò àṣẹ láàárín àdúgbò. Mushin pẹ̀lú wà lẹ́yìn ààlà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà.

Òfin àti Owó Ilé

Lẹ́yìn tí owó Údójì ti jáde, tí ọjà sì gbówó lórí, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìkáwọ́ owó ilé ní 1976. Òfin ayálégbé ti 2011 tún ka gbígba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ààlà ti 1954 tún yọjú nínú òfin ti 2011: Ajégúnlẹ̀ wà nínú òfin, Àpápá wà lóde rẹ̀. Síbẹ̀, àsansílẹ̀ ọdún méjì kò ṣàjèjì sí ayálégbé Èkó, nítorí ẹni tí ó ń wá yàrá kì í fẹ́ bá onílé dé kóòtù.

Ààlà nìkan kọ́ ni ó ń pinnu iye owó, bí ó ti wù kí ó rí. Ní àwọn ọdún 2010, tírélà àti táńkà tí ó kún ojú ọ̀nà èbúté lé ọ̀pọ̀ olùgbé kúrò ní Àpápá, owó ilé ibẹ̀ sì já wálẹ̀. Èbúté tí ó gbé ilẹ̀ Àpápá ga ni ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ajé gúnlẹ̀ ní èbúté lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà, omi ẹ̀rọ àti ojú àgbàrá dúró sí apá kan ààlà. Àwọn tí ó ń fi orí ru ẹrù ajé náà ni ó ń san owó ohun tí ìjọba kò ṣe fún wọn. Bí a kò bá ka ìyẹn mọ́ owó ilé Ajégúnlẹ̀, a ó máa pè é ní ilé olówó pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀.