Bí Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀ Ṣe Di Dandan ní Amẹ́ríkà

Òfin ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹyọ kan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tí onímọ́tò gbọ́dọ̀ ní kó tó gbé ọkọ̀ sójú títì, ìwé tó sì tó ní Texas lè má tó ní Virginia. Onímọ́tò tó ti mọ́ lára pé third party kan náà ni òfin ń béèrè láti Èkó dé Kánò máa ní láti tún ìṣirò ṣe tó bá dé Houston, á sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá kó lọ sí Baltimore. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1869, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìnṣọ́ránsì kì í ṣe òwò tó kan ìjọba àpapọ̀. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà yí ohùn padà lọ́dún 1944, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, àwọn aṣòfin ti gbé òfin McCarran-Ferguson jáde ní 1945, wọ́n sì dá agbára náà padà sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀.

Títa ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi òfin dè é. Lọ́dún 1898, Travelers, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlú Hartford, ta ọ̀kan fún dókítà kan ní Buffalo, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ló ṣì pọ̀ jù lójú títì. Nígbà tí mọ́tò wá pọ̀, wàhálà mìíràn yọjú: ẹni tí ọkọ̀ gbá lè jàre ní kóòtù, kó má sì rí kọ́bọ̀ gbà, torí pé ẹni tó gbá a kò ní nǹkan kan. Ẹni tó fara pa yìí ni òfin dìde láti gbèjà, kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò ní lóye ohun tí ìwé tó rà lè ṣe fún un.

Ọ̀nà méjì ló là lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́dún 1925. Connecticut ní kí awakọ̀ tó bá ti fa jàǹbá wá fi hàn pé òun lágbára láti san owó bí òmíràn bá tún ṣẹlẹ̀. Àléébù rẹ̀ hàn gbangba: ẹni àkọ́kọ́ tó fara pa ti jìyà gbé. Massachusetts kò dúró de jàǹbá. Òfin tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1927, sọ pé ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì kò ní gba nọ́ńbà. $5,000 fún ẹnì kan tó bá fara pa, $10,000 fún gbogbo àwọn tó bá fara pa nínú jàǹbá kan. Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò gan-an ló ta ko òfin yìí jù. Ẹni tó bá rò pé inú wọn á dùn nígbà tí ìjọba ń lé oníbàárà wá bá wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún: bí gbogbo ènìyàn bá gbọ́dọ̀ rà á, ìjọba á fẹ́ dá sí iye tí wọ́n ń tà á, á sì fipá mú wọn gba awakọ̀ tí kò wù wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Massachusetts, níbi tí kọmíṣánnà ìnṣọ́ránsì ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá owó lé e. Ọ̀nà Connecticut ni àwọn ìpínlẹ̀ yòókù wá tọ̀. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí New York (1956) àti North Carolina (1957) tó gba ti Massachusetts, kí àwọn tó kù tó máa tẹ̀ lé wọn. New Hampshire kò sọ ọ́ di dandan títí dòní. Ní Virginia tẹ́lẹ̀, onímọ́tò lè san $500 fún ìjọba kó sì máa wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó yẹn kò bo òfò kankan. Ọdún 2024 ni wọ́n fòpin sí i.

Iye tí òfin bá dá kì í tètè yí. Lọ́dún 1967, California fi í sí $15,000 fún ẹnì kan, $30,000 fún jàǹbá kan, àti $5,000 fún dúkìá. Lọ́dún 1988, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà bínú sí owó ìnṣọ́ránsì tó wọ́n, wọ́n sì dìbò fún Proposition 103, tó ní kí àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ ẹni, máìlì tó ń rìn lọ́dún àti ọdún tó ti ń wakọ̀ jẹ́ olórí ohun tí wọ́n fi ń dá owó lé e. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹni tó fara pa kò kúrò níbi tó wà títí ọdún 2024 fi parí. Bí awakọ̀ tó ní kìkì ohun tí òfin béèrè bá gbá ọkọ̀ kan nídìí ní Los Angeles lọ́dún náà, tí owó ilé ìwòsàn ẹni tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ $40,000, tí àtúnṣe ọkọ̀ náà sì jẹ́ $12,000, adójútòfò á san $15,000 lórí ti àkọ́kọ́ àti $5,000 lórí èkejì. $32,000 tó kù di gbèsè awakọ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ tí iwájú rẹ̀ wó ńkọ́? Ìwé yẹn kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń tún ọkọ̀ ẹni ṣe ni collision, tó wà fún ìkọlù, àti comprehensive, tó wà fún olè, iná àti ìjì. Ìpínlẹ̀ kì í fi wọ́n ṣe dandan. Báǹkì tó yáni lówó ra ọkọ̀ ló ń béèrè wọn. Èyí tó ń sanwó fúnni nígbà tí ẹni tó gbáni kò ní ìnṣọ́ránsì jáde ní àwọn ọdún 1950, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti fi tirẹ̀ kún dandan.

Lọ́dún 1965, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin méjì, Robert Keeton àti Jeffrey O'Connell, dábàá ọ̀nà mìíràn, pé kí adójútòfò olúkúlùkù máa san owó ìwòsàn rẹ̀, láìdúró de ẹni tó jẹ̀bi. Massachusetts gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 pẹ̀lú $2,000. Michigan tẹ̀ lé e ní 1973, ó ní ìwòsàn kò ní ní gbèdéke títí ayé, owó ìnṣọ́ránsì ibẹ̀ sì wá ga débi pé òfin 2019 jẹ́ kí oníbàárà máa yan iye tó fẹ́. Colorado ti pa tirẹ̀ tì ní 2003.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2025, California gbé iye tí òfin rẹ̀ béèrè sókè sí $30,000, $60,000 àti $15,000. Virginia bọ́ sí $50,000, $100,000 àti $25,000. Ní oṣù July ọdún kan náà, Massachusetts tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ gbé tirẹ̀ dé $25,000 àti $50,000 fún ènìyàn, ó sì mú ti dúkìá láti $5,000 dé $30,000.