Ìdíkọ̀ Rélùwéè Kánò: Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ̀ Kalẹ̀ Níbẹ̀?

Àwọn àgbà tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ ti ń tán lọ ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò, oníkálùkù sì ti ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́dé. Ojú irin fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà Èkó. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Girouard tó ń ṣàkóso Òkè Ọya kò dúró de ará Èkó. Ní 1907 náà ló ti ní kí wọ́n la tirẹ̀ láti Bárò, èbúté létí odò Ọya, kí ẹrù Kánò lè bá odò lọ sókun. Ìjọba méjì, ojú irin méjì, bí orogún tó ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Bárò ló kọ́kọ́ wọ Kánò, ní 1911, nígbà tí Ẹ́míà Abbas wà lórí ìtẹ́. Ó yára lóòótọ́, àmọ́ kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ní 1912 wọ́n so méjèèjì pọ̀, afárá Jẹ́bà parí ní 1916, ẹrù sì yí ojú sí Èkó. Ọ̀nà tiwa ló borí!

Akọ̀wé, awakọ̀, káfíńtà tó ti kọ́ṣẹ́ lórí ọ̀nà Èkó ló bá rélùwéè gòkè. Ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi ìlú, ni wọ́n bá pín ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, nítòsí ìdíkọ̀; ibẹ̀ ló di Sabon Gari. Ojú irin Port Harcourt kò dé Kaduna, níbi tó ti pàdé ti Kánò, títí di apá ìparí àwọn ọdún 1920, afárá Makurdi sì di 1932. Báwo ni ẹni tó gba ibẹ̀ wá ṣe fẹ́ bá ará Ògbómọ̀ṣọ́, irú baba ńlá mi, du ipò àkọ́dé?

Òwú lòyìnbó ń wá, ẹ̀pà làgbẹ̀ gbìn, ẹ̀pà ló sì sọ ìdíkọ̀ náà di ńlá. 

Ní October 1966 wọ́n pa àwọn Ígbò ní ìdíkọ̀ yìí. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń jiyàn lé. Ẹ̀pà dín kù láàárín àwọn ọdún 1970. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò Èkó dáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní December 2012. Bí wọ́n bá máa gbẹ́ orúkọ àwọn aṣáájú sára ògiri ibẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni kó ṣíwájú. Kí àwọn yòókù tẹ̀ lé e.