Ìtọ́jú ìtura lórí fídíò

Ìtọ́jú ìtura lórí fídíò jẹ́ ìtọ́jú tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ń ṣe fún ẹni tí àìsàn líle ń bá jà, tí wọ́n ń rí ara wọn lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé aláìsàn kúrò nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín ìrora kù, láti fi ọkàn aláìsàn balẹ̀, àti láti ran ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. A lè ṣe é pọ̀ mọ́ ìtọ́jú tí ń gbógun ti àìsàn náà gan-an.

Ìpìlẹ̀

Cicely Saunders, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967. Ó kọ́ni pé ìrora ẹni tí ikú ń sún mọ́ kì í ṣe ti ara nìkan. Ó kan ọkàn, ẹ̀mí, àti àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2010, Jennifer Temel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn ká ara. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n tètè gba ìtọ́jú ìtura bíi ti àwọn yòókù, wọ́n sì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ.

Fídíò àti ojúkojú

Ní ọdún 2024, Joseph Greer, Temel àti àwọn mìíràn tẹ àbájáde ìwádìí tí ó fi ọ̀nà méjèèjì wéra jáde. Aláìsàn 1,250 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti le ni ó kópa, ní ibùdó ìtọ́jú 22 ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ìgbé-ayé àwọn tí a tọ́jú lórí fídíò dára bákan náà pẹ̀lú ti àwọn tí a tọ́jú lójúkojú. Ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbàlẹ̀ ọkàn wọn kò sì yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ kan hàn: ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ń tọ́jú aláìsàn bá a jókòó nínú ìdá 49.7 nínú 100 àwọn ìpàdé ojúkojú, ṣùgbọ́n nínú ìdá 36.6 péré lórí fídíò.

Ìwúlò àti ìdíwọ́

Fídíò ń gba aláìsàn lọ́wọ́ wàhálà ìrìn-àjò, ó sì ń jẹ́ kí dókítà rí ibi tí ó ń gbé. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè di ẹni tí ń sunkún lọ́wọ́ mú. Íntánẹ́ẹ̀tì lè já lójijì, aláìsàn sì lè má rí ibi ìkọ̀kọ̀ tí yóò ti sọ ẹ̀rù rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó wà nítòsí, kí ó gba nọ́ńbà tí yóò pè bí fídíò bá já, kí ó sì pe ẹbí wọlé bí aláìsàn bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.