Ọba Kì í Mú Òkorin: Èébú Lórí Ìtàgé Róòmù

“Ọba kì í mú òkorin.” Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé orin a máa ta ọba lára, síbẹ̀ wọ́n ní kó mú un mọ́ra. Níbi ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, èébú ni wọ́n fi ń ṣe orin, a kì í sì í torí rẹ̀ bínú. Ìlú tí mẹ̀kúnnù kò bá ti lè sọ̀rọ̀ lójú ọba, ẹ̀yìn ọba ni wọn yóò ti máa gbìmọ̀. Ìjọba Róòmù àtijọ́ kò fara mọ́ irú èébú bẹ́ẹ̀, ìtàn ìtàgé wọn sì fi ohun tó tìdí rẹ̀ yọ hàn.

Ìjòyè ìlú ló ń ṣètò eré ní Róòmù, ó sì ń fowó ara rẹ̀ kún un kí àwọn olùdìbò lè fojúure wò ó. Láti ọdún 194 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n ti ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún àwọn sẹ́nétọ̀. Ní ọdún 67, ṣáájú ìbí Jésù bákan náà, òfin Roscius fún àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́ṣin ní ìlà 14 tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn wọn ni mẹ̀kúnnù ń jókòó sí. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ òṣèré, ìjòyè sì lè nà wọ́n nígbàkúùgbà, títí olú ọba Augustus fi ní kó mọ sí àsìkò eré àti orí ìtàgé. Ẹnu àwọn ẹni nínà yìí ni ará ìlú ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ara wọn.

Naevius, òǹkọ̀wé eré, fi ewì ta ọfà ọ̀rọ̀ sí ìdílé Metellus, ìdílé ńlá tí ọmọ wọn kan di kọ́ńsùlù, ìyẹn olórí ìjọba, ní ọdún 206 ṣáájú ìbí Jésù. Ewì ìhàlẹ̀ ni wọ́n fi dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ó wẹ̀wọ̀n. Òǹkọ̀wé Aulus Gellius kọ ọ́ pé inú ẹ̀wọ̀n ni Naevius ti kọ eré méjì láti fi tọrọ àforíjì, kí àwọn aṣojú mẹ̀kúnnù tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n yẹn kò pa èébú. Ní ọdún 59 ṣáájú ìbí Jésù, níbi ọdún òrìṣà Apollo, òṣèré kan, Diphilus, ń ṣe eré tí kò dárúkọ ọ̀gágun Pompey rárá. Nígbà tó dé ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ìyà àwọn ènìyàn sọ di ńlá, gbogbo èrò mọ̀ pé Pompey, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ẹni Ńlá, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Cicero, sẹ́nétọ̀ kan, kọ̀wé sí Atticus ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé léraléra ni wọ́n ní kí Diphilus tún un sọ. Caesar, kọ́ńsùlù tó ń bá Pompey ṣe, wọlé, àtẹ́wọ́ dákẹ́. Curio ọ̀dọ́ tó ń takò ó tẹ̀ lé e wọlé, àtẹ́wọ́ sọ. Inú bí àwọn aláṣẹ débi pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òfin Roscius, àní mọ́ òfin ọkà tó ń gbọ́ bùkátà aláìní. Wọ́n fẹ́ fi ebi gbẹ̀san àtẹ́wọ́.

Ti Laberius ló wọni lára jù. Ẹlẹ́ṣin ni, ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ń kọ eré ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 46, Caesar ní kó gorí ìtàgé fúnra rẹ̀, kó sì gba owó sesterce 500,000. Ta ló tó kọ̀ fún Caesar? Bó ṣe gun ìtàgé ni ipò ẹlẹ́ṣin rẹ̀ bọ́. Ó múra bí ẹrú ará Síríà tí wọ́n ń nà, ó ké sí àwọn ará Róòmù pé òmìnira ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì kìlọ̀ pé ìbẹ̀rù tí ènìyàn bá gbìn sáyà ọ̀pọ̀ yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé Macrobius ní gbogbo ojú ló yí sí Caesar. Caesar kò mú un. Ó sanwó rẹ̀, ó sì fún un ní òrùka wúrà tó dá ipò rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kò fi ìkìlọ̀ náà ṣe nǹkan kan. Ní ọdún 44, àwọn sẹ́nétọ̀ gún un pa.

Caligula tó jọba lẹ́yìn ìbí Jésù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òpìtàn Suetonius ní ó dáná sun òǹkọ̀wé kan láàyè nítorí ẹ̀fẹ̀ kan tó ní ìtumọ̀ méjì. Ní ọdún 41, àwọn ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ló pa á.

Ọba tí kò mú òkorin ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ìdajì òwe náà ló ṣe. Ìdajì kejì ni kó gbọ́ orin, kó sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí oyè, bí ìlú bá pàtẹ́wọ́ sí èébú tí wọ́n bú yín, ẹ wádìí ohun tó ń dùn wọ́n kí ẹ tó wádìí ẹni tó bú yín.