Oògùn Adínsanra ní Alímòṣọ́

Oògùn adínsanra ni orúkọ tí a lè fi kó gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ kí ara òun fúyẹ́ pọ̀: kápúsù inú ìgò, tíì inú páálí, ẹ̀tù tí à ń pò mọ́ omi, àgbo inú ike, títí kan ọtí kíkan tí wọ́n fi èso ápù ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe oògùn tí dókítà ń kọ fúnni. Àfikún oúnjẹ tàbí egbòogi ni òfin kà wọ́n sí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714, kò sí ibi tí èèyàn ò ti lè rí wọn rà. Wọ́n wà lọ́jà Ìkòtún, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ń kiri wọn nínú dáńfó tó ń lọ sí Ìyànà-Ìpájà, wọ́n sì wà lórí WhatsApp, níbi tí wọ́n ti ń fi àwòrán ikùn ńlá àti ikùn pẹlẹbẹ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí sísanra jẹ́ àmì pé ayé yẹni. Bí ìyàwó tuntun bá ti ilé ọkọ wá kí ìyá rẹ̀, tí ara rẹ̀ ò sì gbé e, ìyá á fọgbọ́n bi í bóyá wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ìrònú náà kò tíì kú, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti dá ìbẹ̀rù sílẹ̀, fóònù sì ti gbé ìbàdí àwọn gbajúmọ̀ wá sí yàrá gbogbo èèyàn. Ìwádìí ètò ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 28 ló sanra ju bó ti yẹ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe oge nìkan ló ń gbé èèyàn dé ìdí àtẹ.

Tíì ló ń tà jù. Ẹni tó ń tà á á na páálí sí oníbàárà, á ní, "Àǹtí mi, ẹ mu ún lálẹ́ òní, ẹ ó fẹnu ara yín sọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la." Kò purọ́. Nínú ọ̀pọ̀ tíì wọ̀nyí, ewé sẹ́nà, ìbátan àsúnwọ̀n tiwa, ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ti ìgbẹ́ jáde. Àwa tí a dàgbà sínú ìgbàgbọ́ pé jẹ́díjẹ́dí ló ń fa ìdajì àìsàn, tí wọ́n sì fi àgbo fọ inú wa nígbà èwe, kò ṣòro fún wa láti gbà pé ohun tó yàgbẹ́ jáde lára ti gbé ọ̀rá dání. Ṣùgbọ́n inú ìfun ńlá ni sẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́. Kí oúnjẹ tó débẹ̀, ìfun kékeré ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Omi àti ìgbẹ́ ló lọ. Ìwọ̀n tó wálẹ̀ láàárọ̀ á padà lẹ́yìn ife omi mélòó kan. Bí èèyàn bá sì ń mu ún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, pọ̀tásíọ̀mù ara á lọ sílẹ̀, iṣan á rọ, ọkàn á sì lè máa lù ségesège.

Ibo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Ihò imú ni. Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ méjì láti Ọsirélíà tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé bí kílò 10 ọ̀rá bá jóná nínú ara, kílò 8.4 nínú rẹ̀ ló ń bá èémí jáde, ìyókù á sì di omi. Kílò ọ̀rá kan ṣoṣo tó nǹkan bí 7,700 kálórì. Tíì kankan kò lè fi òru kan jó o.

Èyí tó yẹ kó ya ará Ìkòtún lẹ́nu jù lọ ni ìgò tí wọ́n kọ African Mango sí lára, tó ti òkè òkun dé pẹ̀lú owó gọbọi. Bí èèyàn bá yí ẹ̀yìn ìgò náà sókè, Irvingia gabonensis ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àápọ̀n ni! Àápọ̀n tí wọ́n ń fi dẹ́rìkà wọ̀n lọ́jà, tí a ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ kó lè fà, tí àwọn ará Ìgbò ń pè ní ọ̀gbọ́nọ̀. Ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2005, Judith Ngondi, Julius Oben àti ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Yaoundé I fún ènìyàn 28 ní àápọ̀n lílọ̀ fún oṣù kan, wọ́n sì fún 12 ní ohun tí kò ní i nínú. Wọ́n ní àwọn tó lo àápọ̀n pàdánù ìdá 5.26 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn. Lọ́dún 2009, ẹgbẹ́ náà tún fi ènìyàn 102 ṣe ìwádìí, wọ́n sì ní àwọn tó lo èròjà tí wọ́n fún láti inú rẹ̀ nínú wọn, mílígíráàmù 150 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fi kílò 12.8 sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 10. Iye yẹn pọ̀ jù fún mi láti gbé mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Èròjà tí wọ́n lò jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á. Nígbà tí Igho Onakpoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Exeter kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ lọ́dún 2013, mẹ́ta péré ni wọ́n rí, àléébù sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní àwọn kò lè dámọ̀ràn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ àápọ̀n kò tíì ṣe ohun tó burú, àmọ́ kó má gbàgbé pé ọ̀rá ló gba ohun tó ju ìdajì hóró náà lọ.

Orógbó náà ní ìbátan lórí àtẹ. Garcinia cambogia, tí wọ́n ń kó wá láti Éṣíà, jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú Garcinia kola tiwa. Ìwádìí ọ̀sẹ̀ 12 tí wọ́n fi ènìyàn 135 ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1998, kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn tó lò ó àti àwọn tí kò lò ó. Láti ìgbà náà, àwọn dókítà ti rí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn tó lò ó. Ẹ̀rí ọtí kíkan ápù kò dúró dáadáa: ìwádìí kan tó gbòde lọ́dún 2024, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn tó gbé e jáde ti fà á padà lọ́dún 2025. Tíì aláwọ̀ ewé kò léwu bí a bá fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, kápúsù tí wọ́n ti fún agbára rẹ̀ pọ̀ sínú ló lè kó bá ẹ̀dọ̀. Glucomannan, tó ń wú nínú ikùn kó lè yó èèyàn, ni àjọ ààbò oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù gbà fún lọ́dún 2010: gíráàmù mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú omi tó pọ̀, fún ẹni tó ti ń dín oúnjẹ kù. Bí omi bá kéré, ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun.

Ewu tó tóbi jù kò sí lára ohun tí wọ́n kọ sí páálí. Ohun tí wọn kò kọ ni. Sibutramine jẹ́ oògùn gidi tó ń pa ebi. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1997. Ìwádìí tí wọ́n fi nǹkan bí 10,000 ènìyàn ṣe fi hàn pé ó ń fi kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà lọ́dún 2010. Kò lọ jìnnà. Láàárín ọdún 2007 sí 2016, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, rí àfikún oúnjẹ 776 tí wọ́n fi oògùn pamọ́ sínú wọn. 317 jẹ́ ti ìdínsanra, sibutramine sì wà nínú 269 nínú ìwọ̀nyí. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní "kápúsù ewé" kan gbà fún òun lóòótọ́, tí ebi ò pa òun mọ́, tí oorun ò sì wá, ẹ̀rù ló yẹ kó bà wá fún un.

Ewé gidi náà ń pani. Ní Brussels, láti ọdún 1990, ilé ìtọ́jú kan ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní ewé ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ṣi ewé kan mú fún òmíràn, èyí tí wọ́n mú sì jẹ́ Aristolochia. Kíndìnrín obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún bàjẹ́, àrùn jẹjẹrẹ sì tún tẹ̀ lé e lára ọ̀pọ̀ wọn.

Ní Nàìjíríà, NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń ṣọ́ ọjà yìí. Ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé bí nọ́ńbà NAFDAC bá ti wà lára rẹ̀, ó ti yanjú. Egbòogi tí wọ́n kàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní lẹ́tà L nínú nọ́ńbà rẹ̀, gbólóhùn kékeré kan sì gbọ́dọ̀ wà lára páálí rẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Lẹ́tà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń kọ ọ́, lábẹ́ àwòrán ikùn ńlá.

Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ wà. Orlistat máa ń dá nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ padà sí ìgbẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀fọ́ elépo rẹpẹtẹ lórí rẹ̀ á rí epo náà níbi tí kò ti fẹ́ rí i. Semaglutide, tí à ń gún lábẹ́ awọ, dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 14.9 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ 68 nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2021. Ó wọ́n, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìlera àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n rí ní Bràsíìlì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà.

Aboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kan èyíkéyìí láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè, bí ìtọ̀ bá dúdú, tàbí bí ọkàn bá ń lù kì-kì-kì lẹ́yìn kápúsù kan, kí èèyàn dá a dúró, kó sì gbé ìgò tàbí páálí náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tó wà ní Ìgándò tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, kí dókítà lè mọ ohun tí yóò wá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.