Etí òkun Ouidah: ohun tó jẹ́ ìran àti ohun tí kì í ṣe ìran

Ẹ̀yin ará wa ní Pobè, ní Sakété, ní Kétu, ní Ìdírókò, ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó. Bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀pọ̀ yín á gba Igolo tàbí Sèmè kọjá, wọ́n á ní àwọn ń lọ wo ọdún ní etí òkun Ouidah. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ yín tó kan iyanrìn yẹn, a fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀, torí pé ìtàn tiwa náà ni.

Gléxwé ni àwọn onílùú ń pè é. Ní 1727, Agaja, ọba Dàhòmì, gba ìlú náà. Láti etí òkun ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ẹrú lọ sí Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí àwọn òyìnbó wá ń pè ní Cudjo Lewis. Àwọn òpìtàn sọ pé ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè ni. Àwọn jagunjagun Dàhòmì ló mú un, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé òun àti nǹkan bí 110 ènìyàn lọ sí Alabama ní 1860. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ìlú Africatown sílẹ̀. Ó kú ní 1935, kò fojú kan ilé mọ́.

Nígbà tí òwò ẹrú parí, tí àwọn Faransé sì kọ́ èbúté sí Kútọnu, Ouidah rọlẹ̀. Etí òkun rẹ̀ di ti apẹja. Ọ̀nà bíi kìlómítà mẹ́rin ló wà láàárín ìlú àti òkun, ọ̀sà sì wà láàárín wọn. Níbẹ̀ ni abúlé Djègbadji wà, tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀ látinú omi ọ̀sà. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn ń na àwọ̀n sínú òkun, wọ́n á tò lórí okùn, wọ́n á máa fi orin fà á wá sí orí iyanrìn. Ìgbésí ayé tí ibẹ̀ ní nìyẹn.

Oṣù kejì 1993 ni nǹkan yí padà. Ìjọba Ààrẹ Nicéphore Soglo ṣe àjọ̀dún ńlá tí wọ́n pè ní Ouidah 92, wọ́n sì to ère sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí òkun. Ní 1994, UNESCO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ọ̀nà Ẹrú ní ìlú kan náà. Ní 1995, wọ́n kọ́ Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí etí òkun. Ní 1997, òfin sọ ọjọ́ 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́ di ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Láti 2024, ọdún náà ti di Vodun Days, ó sì ń ju ọjọ́ kan lọ.

A kò ní sọ pé ibi nìkan ló tìdí ẹ̀ yọ. Àwọn sémíjàn ń rí owó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn alóúnjẹ àti àwọn oníṣọ̀nà. Ọmọ Brazil àti ọmọ Amẹ́ríkà ń dé ibẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rí orírun wọn. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kò ṣeé fà níbi tí wọ́n bá ti mọ ògiri. Ọ̀dà ti dé ojú ọ̀nà apẹja tó wá láti Kútọnu, ilẹ̀ ti gbówó lórí, ilé ìtura ńlá sì ń wá àyè ní Avlékété. Bí ilé bá gba etí òkun, níbo ni apẹja á fa okùn rẹ̀ sí? Bí àwọn oníkámẹ́rà bá sì ti dúró tì, ta ló ń mú àkókò ètùtù, àwòrò ni àbí ẹni tó ń tún pèpéle ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Pobè àti Sakété. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, inú wa dùn. Àwọn àgbà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Ṣùgbọ́n bí Orò bá ń ké, obìnrin á wọlé, àlejò á sì jókòó sọ́dọ̀ onílé rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Orò. A ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún ojú, a kò ṣe Orò fún ojú. Nínú àwọn ọ̀dọ́ wa báyìí, àwọn kan ń sọ pé kí àwa náà pe àlejò bí ti Ouidah. A ò kọ̀ ọ́. Kí a kọ́kọ́ jókòó, kí a pààlà sáàárín ohun tó jẹ́ ìran àti ohun tó jẹ́ awo, kí owó tó dé. Bí owó bá ti ṣíwájú, ààlà náà á ṣòroó pa.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí Ouidah, ohun tí ẹ kò ní gbà nílé yín, ẹ má ṣe é níbẹ̀. Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó yọ fóònù. Bí wọ́n bá ní ẹ má yàwòrán, ẹ má yà á. Ẹ ra iyọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Djègbadji, ẹ má kàn dúró wò wọ́n bí ère. Ẹ má jó, ẹ má sì mutí lábẹ́ Ẹnu-ọ̀nà yẹn, torí ibi ẹkún ni. Ẹ má fi vodun wọn ṣe yẹ̀yẹ́: Fá wọn ni Ifá wa, Lɛgba wọn ni Èṣù wa. Ẹ má wọ inú òkun, omi ibẹ̀ ń fa ènìyàn lọ.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ló yẹ kó fi ibi tí a lè wò hàn án.

Ẹ̀yin náà, ní ìlú tiyín, kí ni ẹ máa gbà kí àlejò rí, kí sì ni ẹ kò ní gbà láé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Ire o.